Oṣù Kìn-ín-ní Ọdún 2002 ní Kíláàsì Wa

Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Agége, ikú àwọn ṣọ́jà ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Tí a bá ti padà dé láti ìsinmi Kérésìmesì, wọ́n á gbé báàjì kékeré wá sí kíláàsì, wọ́n á ní kí a mú owó wá láti ilé, ẹni tó bá san á fi í sí àyà yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, Ààrẹ á tú ẹyẹlé sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ológun á yìnbọn sókè, wọ́n á gbé òdòdó síwájú ibojì ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwa ọmọdé fẹ́ràn ibi ẹyẹlé yẹn jù, pàápàá tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ tí kò fò.

Tíṣà wa ní kíláàsì karùn-ún ló ṣàlàyé fún wa pé ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe tiwọn lẹ́yìn ogun àgbáyé, kí wọ́n tó gbé e wá sí oṣù kìn-ín-ní nítorí pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ohun tí ìwé wa sọ nípa ogun náà fúnra rẹ̀ kò ju ìpínrọ̀ kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó parí ní 1970, Gowon wà níhìn-ín, Ojukwu wà lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. A há a sórí. Wọ́n bi wá nínú ìdánwò, a kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé, a gba máàkì wa, ó parí síbẹ̀.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó wà lórí wa kí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà tó dé. A ti mọ̀ pé ohun burúkú lè ṣẹlẹ̀ sí odidi orílẹ̀-èdè. Èrò wa ni pé kí wọ́n tó bí wa ló ti máa ń ṣẹlẹ̀ tán, àti pé kò sí èyí tí kì í ní báàjì tirẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni. Mi ò ní pẹ́ lórí alẹ́ ọjọ́ yẹn, torí gbogbo ẹni tó gbé Èkó nígbà náà ló ní ìtàn tirẹ̀, ti ọ̀pọ̀ wọn sì le ju tèmi lọ. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí ìbúgbàmù àkọ́kọ́ dún. Gíláàsì fèrèsé pálọ̀ já wálẹ̀, àwọn aládùúgbò ń sáré gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí apá Abúlé Ẹ̀gbá, màmá mi ti gbé àbúrò mi pọ̀n. Bàbá mi, tó ti rí ìdìtẹ̀gbàjọba tó pọ̀ láyé rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú ọ̀run tó ń pọ́n. Ìdí rédíò ló lọ, ó ń yí i kiri, ó ń retí orin àwọn ológun àti ohùn ọ̀gágun kan tí yóò ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà fara balẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi. Oṣù tó ṣáájú ni wọ́n wọlé yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Gbogbo àgbà ló ń retí nǹkan. Ṣùgbọ́n orin ológun kò dún. Ibi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù àti ọta ìbọn pamọ́ sí nínú bárékè Ìkẹjà ló gbaná, ó sì ń bú títí ilẹ̀ fi mọ́, ó tún ń bú lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwé padà, ọ̀gá àgbà wa, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò nílò gbohùngbohùn, jáde sí wa lórí ìlà. Ó ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí. A kọrin ọpẹ́. Ó gbàdúrà gígùn fún Èkó àti fún Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù lẹ́nu ọmọ kankan mọ́ nínú ọgbà náà, ẹni tó bá sọ ọ́ á gé koríko.

Ó dá mi lójú pé ojú àánú ló fi sọ ọ́. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké máa sunkún. Ṣùgbọ́n ta ló lè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Kí àkókò oúnjẹ tó parí lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti di ilé iṣẹ́ ìròyìn. Ẹnì kan ní irin bọ́ǹbù bọ́ sí orí òrùlé àǹtí òun, ó sì ṣì ń gbóná. Ẹnì kan ní àwọn ṣọ́jà ti mọ̀, wọ́n ti kó ìyàwó wọn jáde láti ọ̀sán (irọ́ gbáà ni, inú bárékè gan-an ni ilé àwọn ìdílé ṣọ́jà ti kọ́kọ́ wó). Ọmọ kíláàsì kẹfà kan wà tó lè ṣe Ọbásanjọ́ dáadáa. Ààrẹ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn èrò tí ilé wọn ti bàjẹ́ ń pariwo mọ́ ọn, ó sì fi ìbínú dá wọn lóhùn lójú kámẹ́rà. Ọmọ yẹn á ti fìlà sí ẹ̀gbẹ́, á gbé àyà síwájú, á máa jágbe mọ́ wa, àwa náà á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Mo mọ̀ báyìí pé ẹ̀rù ló ń bà wá.

Ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa ni ti omi. Ilé gbogbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́: àwọn tó kú sínú kánààlì ní Òkè-Àfà kò lóǹkà. Rédíò ń kéde àwọn ọmọ tó sọnù. Àwòrán wà nínú ìwé ìròyìn tí bàbá mi ká mọ́ra nígbà tí mo wọ yàrá. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà ni bọ́ǹbù ti bú. Òkè-Àfà ńkọ́? Bọ́ǹbù wo ló ń fò kọjá gbogbo Ọ̀ṣọ́dì lọ pa èèyàn sínú omi? Ọmọ kan ní bọ́ǹbù ló já sínú kánààlì. Òmíràn ní àwọn ẹni inú omi ló ń pe èèyàn lórúkọ. Èyí tí mo gbà gbọ́ gan-an nìyẹn, ó sì dẹ́rù bà mí ju bọ́ǹbù lọ, torí kò sí ibi téèyàn lè sá sí fún ohun tó mọ orúkọ rẹ̀.

Tíṣà wa ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan ni, tín-ín-rín, kì í rẹ́rìn-ín, máàkì rẹ̀ sì máa ń háwọ́. Àárín iṣẹ́ ìṣirò la wà nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń jókòó níwájú na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìkẹjà ni bọ́ǹbù ti bú. Kí ló dé tó jẹ́ inú omi ni wọ́n kú sí?"

Gbogbo wa dákẹ́, à ń retí pé á ní kó lọ gé koríko. Tíṣà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ó nu gbogbo ìṣirò tó wà lójú pátákó, títí kan èyí tí a kò tíì kọ parí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ní, "Ẹ gbé báírò yín sílẹ̀. Ẹ má kọ èyí sínú ìwé. Ẹ kàn máa wò ó."

Ó ya àpótí kan sápá ọ̀tún lókè, ó ní bárékè nìyẹn. Ó ya àpótí ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, ó ní pápá ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn, ògiri àti wáyà yí i ká, èèyàn kò lè gba àárín rẹ̀ sá. Ó fi àmì sí Agége lókè, ó ní "àwa rèé," ó sì fi ọfà hàn wá ibi tí àwọn ará àdúgbò wa sá gbà. Lẹ́yìn náà ló wá sí ìsàlẹ̀: Ọ̀ṣọ́dì, Máfólúkù, Àjàó, Ìsọlọ̀. Ó ní ẹni tó wà ní Ọ̀ṣọ́dì lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò rí bọ́ǹbù. Ilẹ̀ tó ń mì ló mọ̀, iná tó ń là lójú ọ̀run ló rí, àwọn èèyàn tó ń sáré bọ̀ láti apá Ìkẹjà ló rí. Kò sí ẹni tó sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ogun ni. Nítorí náà ó dojú kọ ibi tí ariwo kò ti wá, òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ó fa ọfà gígùn kan láti Ọ̀ṣọ́dì wá sí Ìsọlọ̀, ó fa òmíràn láti Máfólúkù, ọfà méjèèjì pàdé.

Ó wá ti àpò rẹ̀ yọ ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù, ó fi fa ìlà kan dábùú iwájú àwọn ọfà náà. Ó ní kánààlì Òkè-Àfà rèé. Ní òdìkejì rẹ̀, oko àti ilẹ̀ gbalasa ló wà, ìyẹn ni àwọn èèyàn náà ń wá lọ, ibi tí kò sí ilé tó lè wó lù wọ́n. Ó ní koríko orí omi ti bo kánààlì náà pátápátá. Òkùnkùn ni, kò sí iná NEPA, ẹni tí kì í gbé àdúgbò náà rò pé ilẹ̀ ni. Ẹni tó wà níwájú wọ inú rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò mọ̀ pé ẹni iwájú ti rì. Ẹni tó bá sì fẹ́ dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn kò jẹ́ kó lè dúró.

Ọmọbìnrin yẹn ní, "Sà, kò sí ẹni tó pè wọ́n nínú omi?"

Tíṣà wò ó. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Èèyàn ló pọ̀ jù, òkùnkùn ló ṣú."

Ó tún fi àmì àgbélébùú kékeré kan sí apá Èjìgbò, ó ní ìtòsí ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfuurufú ológun kan já sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láti Ìkẹjà, tó ń gbé àwọn ọ̀gágun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Jaji. Wọ́n lé ní 150, kò sí ẹni tó yè. Nígbà náà, ó ní, ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì wáyé tàbí ẹ ń rá kòrò. Ó nu pátákó náà, ó ṣí ilẹ̀kùn, a padà sórí ìdá.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹni inú omi ti kúrò lórí mi. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n mo lè fi ìka tọ́ka sí i lórí pátákó: ibi báyìí, ọ̀nà báyìí, wákàtí báyìí. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Òkè-Àfà látìgbà náà, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú. Kò sí èyí tó ṣe fún mi bí ṣọ́ọ̀kì búlúù yẹn ti ṣe. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ọmọdé kò lè gbé òtítọ́, irọ́ tí ọmọdé ń fi dípò rẹ̀ ni wọn kò tíì gbọ́ rí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìjà Yorùbá àti Hausa ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, èèyàn tún kú, ilé tún jó. Tíṣà kò ya ìyẹn. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Lọ́rọ̀ tèmi, ọmọkùnrin tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà kò wá sílé ìwé lẹ́yìn bọ́ǹbù. Tíṣà á pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀, á dúró díẹ̀, á kọ òdo sínú rẹ́jísítà. Ó sì ń pè é lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ ti pín ikú fún un: ẹnì kan ní bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ní òun gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé báàgì síbẹ̀.

Ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sanra sí i. Ìkirè ni bàbá rẹ̀ kó wọn lọ, sọ́dọ̀ ìyá àgbà, níbi tí wọ́n ti ń fi dòdò Ìkirè bọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó mú díẹ̀ wá nínú ewé, ó ta wá lọ́rẹ. Gbogbo kíláàsì yí i ká pé kó sọ ohun tó rí. Kò rí nǹkan kan. Wọ́n ti wọ mọ́tò ní Ìyànà Ìpájà kí àwọn kan tó mọ̀ pé bọ́ǹbù ni. Inú bí àwọn ọmọ sí i díẹ̀, bí ẹni pé ó jẹ wọ́n ní gbèsè ikú kan. Èmi jẹ dòdò tèmi.

Ẹni tó ní ohun tó lè sọ wà nínú kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa gan-an. Àbúrò rẹ̀ méjì wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn ní Ìsọlọ̀ fún òpin ọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà náà yè é. Ọmọbìnrin náà kò pa ilé ìwé jẹ, ó máa ń wọ bàtà dídán, ó ń dá ayò ta ní àkókò oúnjẹ. Kò sí ẹnì kankan nínú wa, àwa tí a mọ gbogbo ìròyìn lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, tó lọ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tíṣà náà kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ̀yìn tí mo dàgbà ni màmá mi sọ fún mi pé ọ̀gá àgbà tó ní ká má sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ló ń lọ sí ilé wọn lálaalẹ́ fún ìgbà pípẹ́, tó ń bá ìyá wọn jókòó.

Ní ìparí oṣù kejì, tíṣà fún wa ní àròkọ tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó lọ ilé ìwé ti kọ rí: Ọjọ́ Kan Tí Mi Ò Lè Gbàgbé. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ ìbí ni a máa ń kọ, tàbí ọjọ́ tí ejò wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí bọ́ǹbù ni gbogbo wa kọ, àfi ọmọ Ìkirè tó kọ nípa ìrìn àjò rẹ̀. Ọmọ kan tí ilé wọn jóná, tí wọ́n ń sùn sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kọ ìdajì ojú ìwé péré nípa ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ tó jóná. Báírò pupa tíṣà wà káàkiri orí rẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kò bá àsìkò mu, sípẹ́lì yìí kò pé. Ó fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn kan tí wọ́n ní ìkà ni ọkùnrin náà. Mi ò gbà. Tèmi gba márùn-ún. Mẹ́fà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, iṣẹ́ gidi ni, ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi hàn kiri.

Iye àwọn tó kú lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ omi ló gbé wọn. Wọ́n sin púpọ̀ nínú wọn pa pọ̀ sí Òkè-Àfà, ibi ìrántí sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní, àwọn ẹbí ń lọ síbẹ̀ lọ gbé òdòdó sílẹ̀, ìwé ìròyìn á kọ díẹ̀, ó tán. Kò sí báàjì. Mi ò fẹ́ báàjì náà. Ṣùgbọ́n mo wo ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láìpẹ́ yìí, mo wá a láti ẹ̀yìn dé iwájú, mi ò rí ìlà kan lórí rẹ̀. Ó kúkú ti ní ìgbà tí ìjọba yọ ẹ̀kọ́ ìtàn fúnra rẹ̀ kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kí wọ́n tó ní kí wọ́n dá a padà. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé láàárín ìgbà yẹn, lẹ́nu ta ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ?

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin níbì kan ní Alímọ̀ṣọ́. Mo bi í bóyá ó ti sọ ọ́ fún wọn rí. Ó ní kò sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́, àti pé àwọn òbí òde òní, bí ọmọ wọn bá lá àlá burúkú, tíṣà ni wọ́n á wá bá. Mo ya àwòrán náà sórí bébà, mo fi ṣọwọ́ sí i lórí WhatsApp. Kò fèsì fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó pè mí, ó ní òun ti yà á fún wọn, ọmọ kan sì ti bi òun ní ìbéèrè: ta ló kó bọ́ǹbù sáàárín ilé àwọn èèyàn?

Mo ní kó sọ fún un pé ọ̀gágun tó jẹ́ olórí ibùdó náà, Ọ̀gágun George Emdin, jáde sórí tẹlifíṣọ̀n, ó tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn ológun, ó sì ní àwọn ti ń gbìyànjú láti tún ibi ìkóǹkansí náà ṣe kí ìjàǹbá tó dé. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀."

Mo ní, "Wọ́n mọ̀."

Ó ní ó dáa, òun ti mọ iṣẹ́ àṣetiléwá tí òun fẹ́ fún wọn: kí oníkálukú lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ ibi tí wọ́n wà lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sì fi ọfà ya ọ̀nà tí wọ́n sá gbà. Mo ní bí àwọn òbí bá wá bá ọ jà ní ọ́fíìsì ńkọ́?

Ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó, òun á fún àwọn náà ní ṣọ́ọ̀kì.